Ojú Ńlá Ni Àlejò Ní: Ìrírí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Lọ Kọ́ṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ Nílẹ̀ Òkèèrè

Ìṣẹ́jú kan péré ni ọmọ náà ní.

Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n jókòó sí, lẹ́yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí ìlú Zomba, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Malawi. Ọmọbìnrin náà ò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ìwé pélébé kan tí wọ́n fi ọ̀rá bò wà níwájú rẹ̀, lẹ́tà kún ojú rẹ̀ fọ́fọ́. Olùyẹ̀wò, obìnrin ọmọ Malawi, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹnì kẹta wọn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ Ọ̀yọ́, tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun ló mú tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Bó bá ti fọwọ́ kan ojú rẹ̀ báyìí, aago á bẹ̀rẹ̀ sí í ka 60 wálẹ̀.

Ó fọwọ́ kàn án. Ọmọ náà wo ìwé. Ó wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó tún wo ìwé. Kò la ẹnu.

Ìlànà àyẹ̀wò náà ni pé bí ọmọ bá kùnà lẹ́tà mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí wọ́n dá a dúró. Tábúlẹ́ẹ̀tì dúró. Òdo ló wọlé sínú rẹ̀.

Olùyẹ̀wò fún ọmọ náà ní pẹ́ńsù kan, bí wọ́n ṣe ń fún gbogbo ọmọ tó bá jókòó fún àyẹ̀wò. Ó wá yíjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ lọ jókòó sọ́hùn-ún ná." Ọ̀dọ́mọkùnrin dìde, ó lọ jókòó sórí gbòǹgbò igi kejì. Ibẹ̀ ló wà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn ọmọ náà. Lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń kà wọ́n lọ geere bí ìgbà tí ìyá ọlọ́jà bá ń ka owó.

"Èmi ni mo dí i lẹ́nu," ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ fún wa lórí fóònù nìyẹn. "Ṣùgbọ́n ìlànà ò gbà kí a tún àyẹ̀wò ṣe. Òdo yẹn ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ títí di òní."

Àwọn àgbà ló ní ojú ńlá ni àlejò ní, kò fi ríran. Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé ń kó ẹrù wọn, tí wọ́n ń lọ kọ́ṣẹ́ ìdàgbàsókè ètò ẹ̀kọ́ nílẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú wọn. A bá díẹ̀ nínú wọn sọ̀rọ̀, a sì bá àwọn tó ń gbà wọ́n lálejò sọ̀rọ̀ pẹ̀lú.

IT TÓ GBA ORÍ ÒKUN LỌ

Kò sí ẹni tó wọ yunifásítì ní Nàìjíríà tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ IT. Láti ọdún 1973 tí ètò ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní SIWES ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ jáde kúrò ní kíláàsì kí wọ́n lọ fojú rí iṣẹ́. Gbogbo wa la sì mọ ọmọ IT. Òun ló ń ṣe fọ́tókọ́pì, òun ló ń ra búrẹ́dì fún ọ̀gá, bí orí bá sì bá a ṣe é, wọ́n á jẹ́ kó fọwọ́ kan iṣẹ́ gan-an.

Ti òkè òkun kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àyàfi pé ibi ìkọ́ṣẹ́ jìnnà, orúkọ rẹ̀ sì tóbi. Ẹ̀ka UNESCO tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bí a ṣe ń gbé ètò ẹ̀kọ́ kalẹ̀ ti wà ní Paris láti ọdún 1963, ó sì ní ọ́fíìsì ní Dakar àti Buenos Aires. Èyí tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àgbà wà ní Hamburg, ní Jámánì, láti ọdún 1952. Èyí tó ń ka iye ọmọ tó wà nílé ìwé àti iye tí kò sí níbẹ̀ wà ní Montreal, ní Kánádà. Ẹ fi UNICEF, Báńkì Àgbáyé àti àwọn àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba kún un, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ lè forí lé pọ̀ lọ jàra.

Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ti Ilé-Ifẹ̀ lọ sí Paris ka tirẹ̀ lọ́wọ́: kíka ìjábọ̀, kíkó ìjábọ̀ mẹ́wàá pọ̀ sójú ewé méjì, kíkọ ohun tí wọ́n sọ nípàdé sílẹ̀, àti títún tábìlì inú Excel ṣe. "Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń tún nọ́ńbà orílẹ̀-èdè kan ṣe tí mi ò dé rí," ó ní. "Mo mọ iye tíṣà tó wà ní ẹkùn wọn kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń kíra wọn láàárọ̀, mi ò mọ̀ ọ́n."

BÍ ẸNI Ń SÚN ỌJỌ́ ÌGBÉYÀWÓ

Kí ẹnikẹ́ni tó dá àwọn ọmọ IT yìí lẹ́bi, ó yẹ ká mọ bí iṣẹ́ tí wọ́n ń lọ kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 1990, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé péjọ sí Jomtien, ní Thailand, wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé tó bá fi máa di ọdún 2000, gbogbo ọmọdé á ti máa rí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbà. Ọdún 2000 pé, ẹ̀jẹ́ ò tíì ṣẹ. Wọ́n tún péjọ sí Dakar, wọ́n sún un sí 2015. Nígbà tí 2015 dé, wọ́n pàdé ní Incheon, ní South Korea, wọ́n sún un sí 2030. Bí ẹni ń sún ọjọ́ ìgbéyàwó ló rí. Lọ́dún 2023, UNESCO ṣírò rẹ̀ pé àwọn ọmọ àti ọ̀dọ́ tí kò sí nílé ìwé káàkiri àgbáyé tó mílíọ̀nù 250, ti Nàìjíríà nìkan sì pọ̀ débi pé ojú ń tini láti kà á.

Bí wọ́n ṣe ń sún ọjọ́ náà ni ìbéèrè ń yí padà. Nígbà kan, ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé: ṣé ọmọ wà ní kíláàsì? Nísinsìnyí, wọ́n ń béèrè pé: ọmọ tó wà ní kíláàsì, ṣé ó lè kàwé? Ìbéèrè kejì yìí ló bí àyẹ̀wò oníṣẹ́jú kan tí wọ́n ń ṣe lábẹ́ igi máńgòrò. EGRA ni wọ́n ń pè é. Àárín ọdún 2000 sí 2010 ni àjọ aṣèwádìí RTI, ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé e jáde, ó sì ti wá di ohun tí wọ́n ń lò ní orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ìdánwò inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀. Wọ́n á hun lẹ́tà pọ̀ lásán, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọmọ ń pe lẹ́tà ni àbí ó ti há ọ̀rọ̀ sórí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ọ̀yọ́ yẹn ní ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti máa ń fi òun rẹ́rìn-ín jù. "Ọmọ kan bi olùyẹ̀wò pé ṣé èdè ìlú mi nìyẹn."

TA LÓ Ń GBỌ́ BÙKÁTÀ?

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Mọ́kọ́lá tàbí ní Mushin lè má gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ilé ọ̀gá ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Lọ́jọ́ tó bá gba fírídọ́ọ̀mù, ọ̀gá á gbàdúrà fún un, ó sì lè fún un ní irinṣẹ́. Ní ti ẹni tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Geneva, New York tàbí Paris, bó ṣe máa jẹun ò kan ọ̀gá.

Ó ti pẹ́ tí olú ọ́fíìsì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kì í san owó fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́dún 2015, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 22 kan, ará New Zealand, fi ọ̀rọ̀ yìí sẹ́nu ayé nígbà tí ìròyìn jáde pé inú àgọ́ kékeré kan létí adágún Geneva ló ń sùn, tó sì ń ti ibẹ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́. Kò pẹ́ tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Látìgbà náà, àwọn àjọ kan ti yí ọwọ́ padà. UNICEF bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tirẹ̀ ní owó ìrànwọ́ lọ́dún 2018, àjọ ìlera àgbáyé tẹ̀ lé e lọ́dún 2020. Gbogbo wọn kọ́ ló tíì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ará Ifẹ̀ yẹn ní àjọ tí ìyá òun ń dá lọ́jà ni wọ́n kó fún òun, ẹ̀gbọ́n òun sì yá owó ní kọ́párétíìfù ibi iṣẹ́ rẹ̀. Yàrá òkè àjà kan ló gbà ní Paris, àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́fà, kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè. "Bí mo bá na ọwọ́ ọ̀tún, fèrèsé ni. Bí mo bá na ọwọ́ òsì, sítóòfù ni. Gàrí tí mo gbé wá látilé ni mo fi tọ́jú ara mi lóṣù kejì."

Kó tó débẹ̀, físà wà lọ́nà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, 90 yúrò ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àgbàlagbà tó bá fẹ́ físà Schengen ọlọ́jọ́ kúkúrú. Bí wọ́n bá fún un, bí wọn ò sì fún un, owó yẹn ti lọ. Ẹni tó máa pẹ́ ju 90 ọjọ́ lọ á tún wá ìwé mìíràn, tí òun, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ tó ń gbà á máa jùmọ̀ fọwọ́ sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìbàdàn sọ fún wa pé àjọ kan gba òun wọlé lóṣù kẹta, físà dé lóṣù keje, ẹlòmíràn ti jókòó sórí àga òun.

Olùkọ́ yunifásítì kan tó ti bá oríṣiríṣi àjọ àgbáyé ṣiṣẹ́ sọ pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. "Ìkọ́ṣẹ́ ni ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé ni wọ́n á mọ orúkọ rẹ̀, òun ni wọ́n á pè nígbà tí iṣẹ́ gidi bá yọ. Ọdún mẹ́wàá sí i, òun ló máa jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n á ti máa pinnu bí ọmọ wa ṣe máa kàwé. Tó bá jẹ́ ọmọ ẹni tó lè san owó ilé oṣù mẹ́fà ní Geneva nìkan ló ń gba ibẹ̀ wọlé, ọmọ ta ló máa sọ ti àwọn ọmọ abẹ́ igi?"

OHUN TÓ SỌNÙ NÍLÉ, PARIS NI WỌ́N TI RÍ I

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ọ̀dọ́mọbìnrin ará Ifẹ̀ yẹn ní kó kó ọ̀rọ̀ jọ lórí èdè tó yẹ kí wọ́n fi máa kọ́ ọmọdé. Ó kọ́kọ́ bá ìwé kan tí UNESCO tẹ̀ jáde lọ́dún 1953 pàdé, lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ ti péjọ ní Paris lọ́dún 1951. Wọ́n ti sọ ọ́ nígbà náà pé èdè abínibí ló dára jù láti fi kọ́ ọmọ. Ó ń ṣí ìwé lọ, ó ń ṣí i bọ̀, ló bá rí orúkọ ìlú rẹ̀.

Ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ ni. Ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọ́dákẹ́kẹ́, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, àjọ Ford Foundation sì gbé owó kalẹ̀ fún un. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ ọ. Àwọn ọmọ ìsọ̀rí kejì fi Yorùbá kàwé fún ọdún mẹ́ta, wọ́n wá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbi gbogbo. Nígbà tí wọ́n wọ̀n wọ́n wò, àwọn tó fi Yorùbá kàwé dé òpin ló ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ó pe bàbá rẹ̀ lóru ọjọ́ náà. "Mo ní, 'Dádì, ṣé ẹ gbọ́ nípa ilé ìwé kan ní Mọ́dákẹ́kẹ́ tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì?' Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Ìwọ náà! Àbúrò mi wà níbẹ̀. Gbogbo ewé inú ọgbà ló máa ń dárúkọ fún wa nílé.' Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi gbé Ifẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi rí."

Fáfúnwá fúnra rẹ̀ kàwé nílẹ̀ òkèèrè. Ní Florida ló ti gboyè àkọ́kọ́, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì New York lọ́dún 1955. Ó lọ, ó rí, ó padà wá dá nǹkan sílẹ̀. Àmọ́ ohun tó dá sílẹ̀ kò jókòó pẹ́ nílé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ìwé tó sọ ohun tí Mọ́dákẹ́kẹ́ fi hàn wà lórí pẹpẹ ní Paris, ọmọ IT ló ń gbọn eruku rẹ̀.

NÍGBÀ TÓ BÁ KAN ÀWA LÁTI GBÀLEJÒ

Àwọn òyìnbó náà ń rán ọmọ tiwọn wá sọ́dọ̀ wa. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́yìn Ìbàdàn, tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, rántí ọ̀dọ́mọbìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó wá sọ́dọ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

"Ọmọ dáadáa ni," màmá náà ní. "Ó ń kúnlẹ̀ kí mi, bó tiẹ̀ jẹ́ pé bí ẹni fẹ́ ṣubú ló ṣe ń kúnlẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń kọ nǹkan sílẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, ó fi ohun tó kọ hàn mí. Ó ní ilé ìwé wa ò ní ìwé kíkà."

Màmá dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì rẹ̀, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn tábìlì. Ìwé kún inú rẹ̀, ọ̀rá ò tíì kúrò lára òmíràn. Ó ní bí àwọn aṣojú ìjọba bá dé tí ìwé bá dín, lọ́rùn òun ló máa wà. Bí ọmọ bá fa ìwé ya, ta ni yóò rà á padà? Ìdí nìyẹn tí ìwé fi ń gbé inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ti kọ ọ́ lójú ewé pé ìwé ò sí, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú báàgì. Olówó lè ka irú ìjábọ̀ bẹ́ẹ̀, kó tún kó ìwé ẹgbẹ̀rún kan wá, kọ́bọ́ọ̀dù kejì á wá kún. A bi màmá pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún ọmọ náà. Wọ́n wò wá tìyanutìyanu. "Kò béèrè. Ó béèrè pé ìwé mélòó ló wà lórí tábìlì àwọn ọmọ. Mo ní kò sí."

OHUN TÍ WỌ́N GBÉ BỌ̀

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé òfo ni ìrìn-àjò yìí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, gbogbo àwọn tí a bá sọ̀rọ̀ ló sì ní àwọn tún máa lọ bí ọ̀nà bá là.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ọ̀yọ́ ní ìgbà tí òun kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni ni ẹsẹ̀ òun tó balẹ̀ ní Malawi. "Muli bwanji?" ni wọ́n máa ń béèrè, ìyẹn ni pé ṣé dáadáa ni. Ẹni tí wọ́n kí á dáhùn, á sì béèrè ti ẹni tó kí i. Àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ ń kúnlẹ̀ fún àgbà. Lọ́jọ́ tó rí Gule Wamkulu, eré àwọn tó ń daṣọ borí láàárín àwọn Chewa, ó ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ẹni pé eégún ilé àwọn ló jáde.

Ohun tó tún mú un lọ́kàn ni ìtàn. Lọ́dún 1994, Malawi sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Iye ọmọ fò láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 dé nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta láàárín ọdún kan. Kíláàsì ò tó, tíṣà ò tó, ọmọ tó ju ọgọ́rùn-ún lọ sì lè wà níwájú tíṣà kan ṣoṣo. Ó rántí ìtàn tí bàbá àgbà rẹ̀ máa ń sọ nípa oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ọmọ kan wọ ilé ìwé lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wọn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́fà sì di tíṣà. "Àwọn tí mo wá ràn lọ́wọ́, ojú ọ̀nà tí àwọn bàbá wa gbà ni wọ́n wà. Ká ní mo mọ ìtàn ilé mi dáadáa ni, mi ò bá ti mọ ohun tó yẹ kí n béèrè."

Kó tó kúrò nílé ìwé yẹn, ọ̀gá ilé ìwé gbé ìwé àlejò fún un kó fọwọ́ sí i. Ó ṣí i sẹ́yìn. Orúkọ àwọn tó ti wá ṣáájú rẹ̀ tò lọ bẹẹrẹ: Amẹ́ríkà, Nọ́wè, Ìrìlándì, Jámánì. Ọ̀gá ilé ìwé fi ìka tọ́ka sí wọn. "Gbogbo wọn kọ orúkọ sílẹ̀ fún wa," ó ní. "A ò tíì rí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kọ nípa wa."

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tó parí ìjábọ̀ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kó apá tó kan ilé ìwé náà sójú ewé kan, olùyẹ̀wò tó ní kó lọ jókòó sọ́hùn-ún ọjọ́sí bá a tú u sí Chichewa, ó sì fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò gbọ́ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan, fọ́tò wọlé. Wọ́n ti tẹ ewé náà jáde, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì. Ẹnìkan ti fi báírò pupa fa ìlà sí nọ́ńbà kan. Níbi tó kọ ọ́ sí pé ọmọ 112 ló wà ní kíláàsì kejì, wọ́n kọ 139 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ sísàlẹ̀ ní gbólóhùn kan: oṣù kejì lẹ wá, àgbàdo ò tíì jáde, ebi ò jẹ́ kí àwọn yòókù wá.